Àlàfo inú aago orí pánẹ́ẹ̀lì: ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó fà á

Kò sí ibi tí ojú ń lọ lórí kọ̀ǹpútà tó aago orí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀pá tó wà létí ojú kọ̀ǹpútà. Èèyàn lè má ṣí fáìlì kankan fún odidi wákàtí kan, síbẹ̀ á ti bojú wo aago láìmọye ìgbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni tí àlàfo àárín ọjọ́ àti wákàtí bá fẹ̀ jù, tàbí tí kólóònù bá sọ̀ kalẹ̀ jù láàárín nọ́ńbà, tàbí tí gbogbo ẹ̀ bá ń sún síwá sún sẹ́yìn bí àáyá ṣe ń yí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á wọ inú sẹ́tínǹsì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ sípéèsì kún un tàbí kí wọ́n máa pa á rẹ́, ó lè dáa lónìí o, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì sí i ó ti tún dàrú. Ibi tí àlàfo náà ti wá ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, torí ó lè jẹ́ kóòdù, ó lè jẹ́ fọ́ǹtì, ó sì lè jẹ́ àmì kan tí ojú ò rí.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kóòdù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ bí aago Xfce tàbí ti Cinnamon (ojú iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń lò lórí Linux) ṣe máa hàn, kóòdù strftime ni wọ́n ń lò, ìyẹn àwọn àmì tó ń sọ bí ọjọ́ àti wákàtí ṣe máa hàn: %H ni wákàtí, %M ni ìṣẹ́jú, %a ni orúkọ ọjọ́ ní ìkékúrú. Níbi ọjọ́ inú oṣù ni wàhálà wà. %d máa ń fi òdo síwájú, á kọ 05. %e ní tiẹ̀ ò ń fi òdo, sípéèsì ló ń fi sípò ẹ̀ kí nọ́ńbà náà lè máa gba àyè méjì nígbà gbogbo. Ẹ ṣí tẹ́mínàlì, kí ẹ tẹ èyí:

date -d 2025-03-05 +"%a %e %b"

Sípéèsì méjì lẹ máa rí ṣáájú 5 yẹn. Ẹ wá fi 15 sípò 05, ẹyọ kan ló kù. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ kẹsàn-án àlàfo á fẹ̀, tó bá ti di ọjọ́ kẹwàá ó pa dà bọ̀ sípò, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ó ti tún ara ẹ̀ ṣe ni. %-d ni oògùn ẹ̀. Dáàṣì yẹn ò sí nínú POSIX, ìlànà àjùmọ̀lò àwọn sísítẹ́ẹ̀mù irú Unix, àmọ́ glibc, àkójọ kóòdù C tó wà lórí Linux, gbà á. Bí %e ṣe ń ṣe náà ni %k àti %l ń ṣe sí wákàtí, torí náà %-H tàbí %-I ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ tún ṣọ́ %p o: locale (ètò èdè àti ìlú) Jámánì àti ti Faransé lórí glibc ò ní AM àti PM rárá, òfìfo ló máa mú wá, sípéèsì tẹ́ ẹ fi ṣáájú ẹ̀ á wá dá dúró sẹ́yìn, aago ò ní wà láàárín mọ́.

Ọ̀rọ̀ kólóònù tún yàtọ̀. GNOME, ojú iṣẹ́ míì lórí Linux, kì í lo kólóònù orí kíbọọ̀dù sínú aago ẹ̀, U+2236 (U+ ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà àmì kọ̀ọ̀kan nínú Unicode) ló ń lò, àmì tó jọ ọ́ àmọ́ tó dúró sí àárín gíga nọ́ńbà. Ó rẹwà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ tí fọ́ǹtì tẹ́ ẹ yàn ò bá ní àmì yẹn, sísítẹ́ẹ̀mù á lọ yá a lára fọ́ǹtì míì, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí kólóònù tó nípọn ju nọ́ńbà lọ tàbí tó fẹ àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ká pààrọ̀ fọ́ǹtì ló yanjú ìyẹn, sípéèsì ò lè yanjú ẹ̀ láéláé.

Ti mímì yẹn náà, fọ́ǹtì ló ni ín. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì, 1 tín-ín-rín ju 0 lọ, torí náà 11:11 ò lè gba àyè kan náà pẹ̀lú 20:08, gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago á sì máa sún. Fọ́ǹtì tó dáa máa ń ní nọ́ńbà tó fẹ̀ dọ́gba, tnum lorúkọ ẹ̀ nínú OpenType, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ǹtì, pánẹ́ẹ̀lì tó bá sì gba markup Pango (àwọn táàgì tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa hàn), bíi Waybar, ẹ lè fi font_features="tnum=1" sínú táàgì span.

Àmì tí ojú ò rí ló ń fa èyí tó kù. Tẹ́ ẹ bá ṣe kọ́pì kóòdù látibòmíì, U+00A0, sípéèsì tí kì í jẹ́ kí ìlà gé níbẹ̀, lè bá a wọlé, ó jọ sípéèsì délẹ̀délẹ̀. Kódà lọ́dún 2022, CLDR 42, àkójọ Unicode tó ń sọ bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ ọjọ́ àti wákàtí, fi U+202F, sípéèsì tín-ín-rín kan, sáàárín wákàtí àti AM tàbí PM fún Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, àwọn kóòdù tó ń ka wákàtí lórí Java 20 àti Node.js 20 sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Àṣẹ hexdump -C, tó ń fi nọ́ńbà báìtì kọ̀ọ̀kan hàn, ni mo máa ń fi wò ó: sípéèsì gidi 20 ni, U+00A0 á yọ c2 a0, U+202F á yọ e2 80 af, kólóònù orí kíbọọ̀dù 3a, ti GNOME e2 88 b6.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ àmì tó máa ya ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára wákàtí, ẹ má lo dáàṣì, torí tó bá ti sún mọ́ nọ́ńbà, bíi àmì ìyọkúrò ló ń rí. Ìlà òòró náà máa ń ga ju nọ́ńbà lọ, ojú á kọ́kọ́ rí i kó tó rí wákàtí. Èmi, U+2002 ẹyọ kan péré ni mò ń fi sáàárín, ó fẹ̀ ju sípéèsì lásán lọ, ó sì tó.