Lórí odi Conwy

Òjò fẹ́ ba ọjọ́ mi jẹ́ láàárọ̀, àmọ́ ó dá kó tó di ọ̀sán, mo bá gun odi ìlú Conwy ní àríwá Wales. Ọ̀fẹ́ ni, ilé olódi ọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbowó fún.

Ohun tí mo mọ odi sí ni pé onílẹ̀ ló ń mọ ọ́n kí ọ̀tá má baà wọlé. Ti Conwy kò rí bẹ́ẹ̀. Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ní kí wọ́n mọ ọ́n láàárín 1283 sí 1287, lẹ́yìn tó ṣẹ́gun Wales. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó wá sínú rẹ̀, onílẹ̀ wá di ará ìta. Kódà àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kristi, tó ti ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n sin Llywelyn Ńlá, alákòóso Wales nígbà kan, sọ́dọ̀ wọn, ó ṣí wọn nídìí lọ sí ibòmíì tó ń jẹ́ Maenan.

Ẹnubodè 3 ni odi náà ní, ilé ìṣọ́ sì jẹ́ 21. Púpọ̀ nínú ilé ìṣọ́ yìí kò ní ògiri lẹ́yìn. Gbayawu ni wọ́n ṣí sí ìlú. Pákó ni wọ́n fi ń kọjá láti apá kan odi sí ìkejì níbẹ̀. Bí ọ̀tá bá gun apá kan, wọ́n á yọ pákó, ó há nìyẹn, àwọn tó wà nílẹ̀ á sì máa wò ó kedere láti ẹ̀yìn. Ẹni tó ro irú èyí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni!

Nítòsí Porth y Felin, ọ̀kan nínú ẹnubodè náà, ni mo ti pẹ́ jù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 12 ló tò lára odi, wọ́n yọrí síta lókè, kí ìgbẹ́ lè já bọ́ sẹ́yìn ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba ni wọ́n ṣe é fún. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú tún bí mi: ibi tí wọ́n lé onílẹ̀ sí náà ni wọ́n ń ṣu sí.

Rélùwéè ti gba inú odi náà kọjá láti 1848, òun ni mo sì wọ̀ wá.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo yà sí ilé tíì kan. Èdè Wales ni obìnrin tó ń tajà àti ìyá àgbà kan fi ń tàkurọ̀sọ, nínú odi Edward gan-an. Inú mi dùn bíi pé ará ilé mi ni wọ́n. Mo ra bara brith, búrẹ́dì wọn tó ní èso gbígbẹ nínú. Ó dùn, bọ́tà ni wọ́n ṣahun sí.