Ọmọ Ládípọ̀ tó mọ V8 bí ẹni mowó

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn gan-an lónìí o! Bíréèkì páàdì ni mo lọ rà ní ọjà Ládípọ̀ tí ọkọ̀ Dodge Challenger dúdú kan fi yà wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó wà nítòsí. Kó tó pa injin, ariwo ẹ̀ ti gba gbogbo àdúgbò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ju sípánà sílẹ̀, wọ́n sáré bò ó.

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: sìlíńdà mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, V8 gan-an nìyẹn, wọ́n kọ HEMI, orúkọ injin náà, gàdàgbà sí i lórí. Ọmọ kékeré kan tí epo dúdú bo ọwọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá ló ń ṣàlàyé: "Ẹ̀gbọ́n, injin lítà 5.7 lèyí. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, àmọ́ Kánádà ni wọ́n ti tò ó." Òótọ́ ni! Ìlú Brampton ní Kánádà ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Àwọn kan á ní kí ló kan ọmọ tálákà nínú ọkọ̀ tó ń mu epo tó báyìí. Mi ò gbà rárá. Ìfẹ́ ọkọ̀ yẹn ló kọ́ ọ nímọ̀.

Ẹni tó bá mọ bí ọmọ yìí ṣe lè rí ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì kọ́ nírọ̀lẹ́ ní agbègbè Mushin tàbí Yaba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Ọ̀gá ẹ̀ ti fọwọ́ sí i.