Kò wojú mi

Ọ̀rọ̀ tí màmá onílé sọ lánàá ṣì wà létí mi. Wọ́n ti kí mi, wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti jáde tán. Wọ́n ò mọ̀ pé mò ń gbọ́. "Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, kò wojú mi."

Lóòótọ́ ni. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo rí. Ìyàwó mi ti ṣàlàyé fún wọn: àwọn dókítà fi afẹ́fẹ́ sínú ojú mi kí ihò tó wà láàárín rẹ́tínà, ìyẹn awọ ẹ̀yìn inú ojú tí a fi ń ríran, lè dí. Bí afẹ́fẹ́ inú ìgò omi ṣe ń sá lọ sókè náà ló ń ṣe. Tí mo bá dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn ojú ló di òkè, ibẹ̀ ni yóò lọ tẹ̀ mọ́. Tí mo bá gbórí sókè, ó kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n máa wo àgbà lójú, ìgbátí ló ń fà. "O tún ń wò mí lójú!" Èwo ni ká wá ṣe báyìí?

Iná dé láàárọ̀, ó lọ kó tó di ọ̀sán. Mo jẹ àmàlà, ìyẹn kò le, a kúkú ń dorí kodò jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọrùn ló ń pa mí. Táwẹ̀lì tí a ká sábẹ́ iwájú orí lórí tábìlì dára ju ìrọ̀rí lọ, kò kan ojú, mo sì ń mí dáadáa. Ìrọ̀rí wúlò lábẹ́ àyà, lórí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà fún mi ní ìsinmi ìṣẹ́jú 10 nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ìyàwó mi máa fi àlejò sí àkókò yẹn. Ó ní ṣé kí àwọn èèyàn wá máa tò sẹ́nu ọ̀nà ni. Kò dáhùn mọ́, èmi náà dákẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òun ló ń kán oògùn sí mi lójú, lóru pàápàá.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Àbújá pé kí n wọkọ̀ òfuurufú ní Àlàkíà wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní rárá o. Afẹ́fẹ́ yìí á wú lójú mi lókè lọ́hùn-ún, ó sì lè ba ojú náà jẹ́ pátápátá. Irú afẹ́fẹ́ tó tètè ń tán lójú ń gba bí ọ̀sẹ̀ 2, òmíràn á tó oṣù 2. Inú bí wọn díẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan wà. Àbúrò mi ọkùnrin jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níbi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbọ́. Bí mo bá ń wò ó ni, mi ò rò pé yóò sọ ọ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dì í mú.

Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kó bá mi tẹ ẹ̀bà sílẹ̀ fún un.