Ìgò lambic: èyí tó yẹ kí ẹ tètè mu, àti èyí tó lè dúró dè yín

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Brussels, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ilé máa ń bi mí tí wọ́n bá rí àwọn ìgò tó dùbúlẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilé mi: "Ọtí kí lo kó pamọ́ báyìí?" Bíà ni. Àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kó ní páálí páálí lọ sóde ìgbéyàwó. Tí ẹ bá ń gbèrò láti ra lambic, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgò rẹ̀ la fi ń pamọ́. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ tètè mu ún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dára sí i bó ṣe ń pẹ́, iye tí wọ́n sì ń tà á kọ́ ló máa sọ èwo ni èwo fún yín.

Àgbègbè kékeré kan ni lambic ti wá, ní Pajottenland àti àfonífojì odò Senne, lápá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn Brussels. Ọkà bálì tí wọ́n ti mú hù ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, pẹ̀lú àlìkámà tí wọn ò mú hù, tó máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Họ́ọ̀pù, òdòdó tó sábà máa ń mú bíà korò, tí wọ́n ń kó sí i ti gbẹ, ó ti gbó; kì í ṣe torí kí ọtí lè korò, torí kó má bàjẹ́ ni. Wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á dà á sínú agbada fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní koelschip, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ láìbò mọ́jú. Ẹnikẹ́ni kì í bu ìwúkàrà sí i. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára ilé ló ń bà lé e. Ẹni tó bá mọ ẹmu ò ní rò ó jìnnà: adẹ́mu kì í bu ìwúkàrà sí akèrègbè, síbẹ̀ ẹmu á hó. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ẹmu àná ti kan lónìí, nígbà tí lambic máa ń lo ọdún kan, méjì, tàbí mẹ́ta nínú àgbá onígi. Ìgbà òtútù, láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin, ni wọ́n máa ń pọn ọ́n, torí tí ilẹ̀ bá gbóná, kòkòrò burúkú á pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá wá sí Brussels, ẹ yà ní ilé ìpọntí Cantillon ní Anderlecht. Láti 1900 ni wọ́n ti wà, koelschip wọn sì wà lókè àjà níbi tí ẹ ti lè fojú ara yín rí i.

Tí wọ́n bá da ti ọdún kan, ọdún méjì àti ọdún mẹ́ta pọ̀, tí wọ́n sì rọ ọ́ sí ìgò, geuze nìyẹn (àwọn tó ń sọ Faransé ń kọ ọ́ ní gueuze). Ṣúgà ṣì kù nínú èyí tó kéré lọ́jọ́ orí, òun ló ń mú kó tún hó nínú ìgò. Kriek ni wọ́n ń fi èso ṣẹ́rì kíkan ṣe, framboise ni ti rásíbẹ́rì. Faro ni èyí tí wọ́n bu ṣúgà sí. Ẹ mu ún lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kò sí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí mi láti London, mo sì ṣí geuze fún wọn. Wọ́n fẹnu kàn án, wọ́n fún ojú pọ̀, wọ́n gbé ife sílẹ̀. "Ṣé ọtí yìí ò tíì bàjẹ́ báyìí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe ń kan nìyẹn, ẹ tún un mu." Ìgbà tó di ife kejì, àwọn ni wọ́n ń bi mí bóyá ó ṣì kù. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á ti mu kriek aládùn kan ní pápákọ̀ òfuurufú, á wá rò pé òun ti mọ lambic.

Ara ìgò lẹ ti máa mọ ìyàtọ̀ aládùn àti ojúlówó. Ẹ wá "Oude" tàbí "Vieille" ("àtijọ́" ní èdè Dutch àti Faransé) níwájú orúkọ rẹ̀. Láti 1997 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń dáàbò bo "Oude Geuze" àti "Oude Kriek": tí wọ́n bá fẹ́ kọ Oude Geuze sí i, ó gbọ́dọ̀ ní lambic tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú àgbá onígi nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìgò padà kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí "suiker", "sucre", "zoetstof" tàbí "édulcorant", aládùn ni. Mi ò sọ pé aládùn ò dáa o. Ìyá àgbà kan ládùúgbò mi ò jẹ́ fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Ẹ má sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ṣèdájọ́. Lindemans ń ṣe kriek aládùn, òun náà ló ń ṣe Cuvée René tó jẹ́ Oude Gueuze gidi. Cantillon ní tiẹ̀, ẹ lè má rí "Oude" lára geuze rẹ̀ rárá, "100% Lambic" lẹ máa rí, ojúlówó sì ni.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tó wà nínú ìgò yìí ṣì wà láàyè. Brettanomyces, ìwúkàrà ìgbẹ́ tó ń fún un ní òórùn awọ àti koríko gbígbẹ, ṣì ń jẹun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2009, ẹ̀rọ tó ń darí ooru yàrá bàjẹ́ ní 3 Fonteinen, ilé iṣẹ́ lambic kan, yàrá náà gbóná gan-an, ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, nǹkan bí 80,000 ìgò sì ṣòfò. Armand Debelder tó ni ibẹ̀ nígbà náà mú lára ọtí tó bàjẹ́ yẹn, ó ní kí wọ́n fi pọn ọtí líle. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ má gbé tiyín sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ibi tó ṣókùnkùn, tí ooru rẹ̀ ò kọjá ìwọ̀n 10 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí kì í sì í gbóná lónìí kó tutù lọ́la, ni kí ẹ wá fún un. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn pàápàá ń bà á jẹ́, ní pàtàkì èyí tó wà nínú ìgò aláwọ̀ ewé.

Ìgò oníkọ́ọ̀kì, ẹ tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Èyí tó jẹ́ ìdérí irin nìkan, ẹ gbé e dúró. Láyé àtijọ́, àmì funfun ni wọ́n ń fi ọ̀dà kùn sára ìgò geuze kí wọ́n lè mọ apá tó wà lókè, torí tí ẹ bá ń yí i kiri, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á dà rú. Èmi náà ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí tèmi.

Èyí tó bá jẹ́ ti èso, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í mú. Adùn ṣẹ́rì, àti pàápàá ti rásíbẹ́rì, ń lọ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Tó bá fi máa di ọdún bíi mélòó kan, kíkan nìkan lẹ máa bá, èso tí ẹ torí rẹ̀ sanwó ti lọ. Geuze ló lè dúró. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kọ ogún ọdún sí lára gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó lè pẹ́ dé. Bí mo bá rà á, méjì tàbí mẹ́ta ni mo máa ń rà pọ̀: màá mu ọ̀kan tuntun, kí n lè mọ ohun tí mò ń retí lára èyí tó kù. Tí ẹ bá ṣí geuze tuntun kan tó ń yọ̀, tó sì ń fà, ẹ má dà á nù. Pediococcus, kòkòrò àìfojúrí kan, ló fa ìyẹn. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan sí i, Brettanomyces á tún un ṣe.

Ní ti owó, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń rà á láti tún un tà. Wọ́n á fi ìlọ́po ìlọ́po lé ìgò tí wọ́n rà nílé ìpọntí, ẹ ò sì mọ ibi tó ti sùn láti ìgbà náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí ọtí dé lọ́rùn ìgò, ẹ wò ó bóyá kọ́ọ̀kì ti jò, ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí. Oude Geuze Boon, tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá ní Bẹ́ljíọ̀m níbí, kò wọ́n, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ ìgò olókìkí tí wọ́n ti gbé kiri nínú ooru lọ. Tí ẹ bá ń gbé e lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ gbé e sínú fìríìjì, kí ẹ sì mu ún láìpẹ́. Ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń tọ́jú ọtí fún ọdún mẹ́wàá.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Lára ọ̀pọ̀ ìgò oníkọ́ọ̀kì, ẹ máa yọ ìdérí irin, ẹ ó tún bá kọ́ọ̀kì lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ múra sílẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń ṣí wáìnì. Tó bá ti dùbúlẹ̀ tipẹ́, ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ wáìnì bó ṣe wà gan-an, ẹ ṣí i pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì to ife sítòsí torí ó lè hó jáde. Ẹ rọra máa rọ ọ́ lọ láìdá ìgò padà sẹ́yìn, títí ẹ ó fi rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́rùn ìgò. Ẹ má mu ún nígbà tó tutù bí yìnyín. Ẹ gbé e jáde kúrò nínú fìríìjì ṣáájú. Èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́jọ́ kejì, èmi máa ń fi se ẹran ehoro bí àwọn ará Brussels ṣe ń ṣe é, àmọ́ ata rodo méjì ni mo máa ń gé sí tèmi, ìyẹn ò sì sí nínú ìsè tiwọn.