“Bí” tó ń ba ìjẹ́wọ́ jẹ́

Ìjẹ́wọ́ tí a máa ń gbọ́ jù nínú ìjọ ní Kétu, ní Benin, nìyí: “Bí mo bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó foríjì mí.” Ẹ jọ̀ọ́, ìjẹ́wọ́ wo nìyẹn? “Bí” ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí kò dájú, “ẹnikẹ́ni” sì ti fi ẹni tí a ṣẹ̀ pamọ́.

Nígbà tí wòlíì Nátánì bá Ọba Dáfídì wí torí pé ó gba Bátíṣébà, ìyàwó Ùráyà (2 Sámúẹ́lì 12:13), ohun tí Dáfídì sọ kò gùn: òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa. Kò ti ẹ̀bi sí Bátíṣébà lọ́rùn. Ọba Sáúlù, tó ṣàìgbọràn sí Ọlọ́run, náà ní òun ṣẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 15:24), àmọ́ ó fi kún un pé ẹ̀rù àwọn èèyàn ló ba òun. Ní ẹsẹ 30, ó tún ń bẹ Sámúẹ́lì kó bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbà. Ojú ayé ló ń rò.

Torí náà, ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó tẹ ìdí agolo tó fi ń wọn àgbàdo wọnú, kó má wulẹ̀ sọ pé òun ṣàṣìṣe. Kó ní: “Ìyá, mo fi agolo yìí rẹ́ yín jẹ.” Kó wá dá owó padà pẹ̀lú ìdámárùn-ún, bí Númérì 5:7 ti wí: 5,000 sẹ́fà á di 6,000. Ilé ìyá náà ni kó lọ, kì í ṣe ìdí makirofóònù. (Àwọn kan fẹ́ràn makirofóònù ju ìdáríjì lọ.)

Bí ìyá bá kọ ẹ̀bẹ̀, kó má bínú pé “mo ṣáà ti bẹ̀ wọ́n.” Kó fi owó sílẹ̀, kó sì tún padà lọ lọ́jọ́ mìíràn.