Bí mo ṣe ń fi igi ilẹ̀ wa kún ọgbà ilé mi ní Kàbbà

Ọ̀kún o, gbogbo ilé!

Bí a bá ní ká gbin igi ilẹ̀ wa, ohun tó ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ hú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi, láti Íńdíà ni irú rẹ̀ ti wá, n kò sì gé e. Òjìji rẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ ń fẹ́. Abẹ́ kòkó àti obì ni àwọn ìyá wa ti máa ń já a, oòrùn gangan kò bá a lára mu. Mo gé ọwọ́ rẹ̀, mo rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì ti fà yí gbogbo ìdí igi náà ká, níbi tí koríko kò ti lè hù.

Ibi tí ọgbà òdòdó iwájú ilé ti lu, akòko ni mo fi dí i. Òun náà kò le láti gbìn, ẹ ṣáà ti gé ọ̀pá rẹ̀ rì. Ẹfinrin wà létí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Aládùúgbò mi kan bi mí pé, "Ìyá Dúpẹ́, ṣé ẹfinrin náà ti di òdòdó ni?" Mo ní kí ó wá wo bí oyin ṣe ń bò ó láàárọ̀.

Igi òrí ló gbà mí lọ́kàn jù. Bó bá ti hù, gbòǹgbò rẹ̀ á kọ́kọ́ sáré lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá hú u nínú igbó wá gbìn á já gbòǹgbò ọ̀hún, igi á sì kú. Èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lákòókò òjò ni kí ẹ rì sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró sí. Ẹ má tọ́jú u di ọdún tó ń bọ̀, kò ní hù mọ́. Tèmi wà ní igun tó jìnnà sí ògiri, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Ó lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Àwọn ọmọ ọmọ mi ni mo gbìn ín fún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó kún igbó wa ló jẹ́ tiwa o. Ewéko tí a ń pè ní Akíntọ́lá taku, tó gba etí oko, Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Òun nìkan ni mo ń hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó yọ òdòdó, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń gbé èso rẹ̀ kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀rọ̀wọ́ lára yín, kó yà lọ́dọ̀ mi bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Màá gé e fún un.