Orúkọ Yorùbá kì í ṣe ìwé ìbí fún ewé

Ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Ìwáyà kò fẹ̀ ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó sọ mí di ẹni tó ń tẹjú mọ́ koríko. Ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, mo fa gbogbo ewé olódòdó yẹ́lò tó wà lẹ́bàá ògiri tu, mo sì dá èyí tó ga dé èjìká mi sí, nítorí pé mo ti gbọ́ pé ó máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́wéọmọ tí mo máa ń ra àgbo lọ́wọ́ wọn ní Múṣin rí àwòrán méjèèjì lórí fóònù mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, onílé lo lé jáde, àlejò lo fi sílẹ̀." Yúnyún ni mo fà tu; ewé Akíntọ́lá ni mo dá sí.

Orúkọ ewé Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ tú àṣírí pé kò pẹ́ tó dé. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà títí di oṣù kìíní 1966, ni wọ́n fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń pe ewé kan náà ní Awólọ́wọ̀. Mo fura pé olóṣèlú tí oníkálukú kò fẹ́ràn ló ń fi pe koríko tí apá rẹ̀ kò ká. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé inú èso igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní 1937 ni hóró rẹ̀ fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. Ewé rẹ̀ máa ń so ní méjì-méjì, ìṣan mẹ́ta sì pínyà láti ìdí ewé bí ẹnu fọ́ọ̀kì. Bí a bá fi ọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ a máa le. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tanná wẹ́wẹ́ tó funfun tàbí tó pọ́n àlùkò díẹ̀, hóró rẹ̀ sì ní irun bí òwú, tí atẹ́gùn fi ń gbé e kiri.

Yúnyún jẹ́ ti ilẹ̀ wa, òun náà sì ni àwọn àgbà ń fún sójú ọgbẹ́. Ewé rẹ̀ kì í pín sí ọ̀nà, ó sì máa ń ha ọwọ́ bí ìwé tí káfíńtà fi ń dán pákó. Jogbo ni mo rò pé mo ń fà tu, èyí tó ti Mẹ́síkò wá, tí àwọn kan fẹ́ràn nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ kí ó tó sá wọ igbó. Ká ní mo wo ewé ni, mi ò bá má ṣì í mú, nítorí pé ewé jogbo sábà máa ń là bí ìka ọwọ́, òdòdó rẹ̀ sì lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ òdòdó nìkan ni mo wò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé orúkọ tó jinlẹ̀ lédè wa kò sọ ewé di ọmọ onílẹ̀. Ta ni kò fi ọwọ́ kan patanmọ́ rí ní kékeré, tó ń wò ó bí ó ṣe ń káwọ́ jọ? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá, gẹ́gẹ́ bí imí-eṣú. Síbẹ̀ mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn àwọn tó ní kí a hú gbogbo àlejò dànù, nítorí pé ibẹ̀ náà ni gbúre ti wá, mi ò sì tíì rí ará Èkó tí yóò fi gbúre sílẹ̀. Àlejò tó ń gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́ ni kí a máa ṣọ́.

Orí omi ni èyí ti hàn jù. Bí a bá dúró létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bárígà, lásìkò òjò, ewé á ti bo omi bí ẹni tí a tẹ́, òdòdó àlùkò á máa yọrí láàárín rẹ̀, àwọn tó ń ya àwòrán á sì máa pè é ní ojúoró. Ojúoró kò ní òdòdó tí ojú ń tètè rí. Ewé rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ àrán, wọ́n sì tò yí ara wọn ká bí lẹ́túùsì. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ fi gbòǹgbò mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ewé rẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn, òdòdó funfun ló sì ń yọ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn àgbà fi ń wúre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò.

Èyí tó bo ọ̀sà ń fi igi ewé tó wú, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, léfòó, àmì yẹ́lò kan sì wà lára ewé òdòdó tó wà lókè. Gbéborùn ni àwọn kan ń pè é, bí ẹni tó gbé ìborùn rẹ̀ kọ́ ọrùn, tó ń ṣòfófó láti ojúlé dé ojúlé. Láti Amazon ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, ọ̀nà omi Àgbádárìgì ló sì gbà wọlé láti ìhà Porto-Novo ní oṣù kẹsàn-án 1984. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ó ń lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń dí oòrùn mọ́ ẹja. Iyọ̀ nìkan ni apá rẹ̀ kò ká: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá tún wọ inú ọ̀sà, á pọ́n, á sì jẹrà.

Yúnyún mi ti tún hù ní ẹsẹ̀ ògiri, nítorí pé mi ò fa gbòǹgbò rẹ̀ tán. Ewé Akíntọ́lá ni mo ń fi àdá bá fà á báyìí. Bí mo bá gé e, á tún rú, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ wú ìdí rẹ̀ kí ó tó di oṣù kọkànlá tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tanná.